Ihò Omi Tí Ìyá Àgbà Fi Sìmẹ́ńtì Dí

Ní ọjọ́ kẹjọ tí a sin ìyá àgbà mi, lẹ́yìn tí àwọn àáfà ti ṣe àdúrà fídáù tán tí àlejò sì ti ń dínkù, àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń pa aró pè mí sí ẹ̀yìn ilé ní Lugbe. Wọ́n jókòó sórí àpótí láàárín àwọn dúrọ́ọ̀mù tí a ti dojú wọn dé láti ọjọ́ ikú. Àǹtí Sìkírá, tí wọ́n dàgbà jù láàárín àwọn tó kù, ni wọ́n gba ẹnu gbogbo wọn sọ̀rọ̀.

"Àkànní, a kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Iléyá ń bọ̀, aṣọ oníbàárà sì wà lọ́rùn wa. Ṣé kí a fọ́ ihò omi yẹn, àbí kí a má fọ́ ọ?"

Ihò tí wọ́n ń sọ wà ní ìdí ògiri àgbàlá wa. Láti ibẹ̀ ni omi aró ti ń ṣàn bọ́ sínú gọ́tà, gọ́tà a sì gbé e lọ sí odò kékeré tí ó wà lẹ́yìn àdúgbò, níbi tí àwọn olóko ti ń bu omi rin ewébẹ̀. Ìyá àgbà ti fi ọwọ́ ara wọn po sìmẹ́ńtì, wọ́n sì ti dí i. Láti ìgbà náà ni omi aró kò ti jáde nínú àgbàlá wa mọ́. Àmọ́ ẹni tó dí i ti lọ, ìyá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n wọn sì ti ní kí n máa mójú tó àgbàlá náà nítorí pé èmi ni mo ń gbé inú ilé. Bí mo bá ní kí wọ́n fọ́ ọ, wọn yóò fọ́ ọ. Bí mo bá ní kí wọ́n má fọ́ ọ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kó dúrọ́ọ̀mù wọn lọ, kí iṣẹ́ tí Ìyá àgbà fi gbogbo ayé wọn ṣe sì parí pẹ̀lú wọn.

Mo ní kí wọ́n fún mi di ọjọ́ Sátidé. Èmi kì í yára dáhùn ọ̀rọ̀. Mo sì rò pé kí n tó lè sọ ohun tí a ó ṣe sí ihò náà, ó yẹ kí n kọ́kọ́ wo irú ènìyàn tí ó dí i.

Èékánná wọn ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Búlúù ni, búlúù tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú, láti ìgbà tí mo ti mọ ojú. Nígbà tí wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Abuja, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí mọ́ṣáláṣí àdúgbò, obìnrin kan wo ọwọ́ wọn níbi alùwàlá, ó sì béèrè níwájú gbogbo ènìyàn pé, "Àlàájà, pẹ̀lú aró yìí, ṣé alùwàlá yín gún ṣá?" Ìyá àgbà na ìka wọn sókè sí oòrùn, wọ́n wò ó bí ẹni pé wọn kò rí i rí. Wọ́n ní, "Ohun tó bá bo èékánná mọ́lẹ̀ ni kì í jẹ́ kí omi kàn án. Èyí kò bò ó, ìyá mi. Òun gan-an ni èékánná."

Wọn kì í kánjú. Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ kàm̀pálà kì í mọ̀ pé aṣọ búlúù kì í jáde nínú ìkòkò ní búlúù. Kọ́sítììkì àti ìyẹ̀fun funfun tí a fi ń tú aró a máa gba àwọ̀ lójú omi, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ yóò ṣe jáde ní àwọ̀ ewé tó ti fẹ́ pọ́n. Ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ni búlúù ń yọ. Oníbàárà kan wá láti ọjà Wuse lọ́jọ́ kan, ó dé nígbà tí wọ́n ń fa aṣọ rẹ̀ jáde, ó sì figbe ta.

"Yéè! Àlàájà, búlúù ni mo pè, kì í ṣe ọbẹ̀ ẹ̀fọ́!"

"Fi ìdí kalẹ̀," ni Ìyá àgbà wí. "Aṣọ rẹ kò tíì mí."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bi í léèrè àlàáfíà ilé, ti ọmọ, ti ọkọ, ti ọjà. Kí wọ́n tó kan ti ìyá ọkọ, búlúù ti ń rìn lára aṣọ láti etí dé àárín. Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá àgbà sọ fún un lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn: "Ọwọ́ wa ló ń bẹ̀rẹ̀ aró. Atẹ́gùn ló ń parí rẹ̀."

Mo ní láti sọ pé wọ́n fẹ́ràn ìjà. Ẹni tó bá sọ pé ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n, ẹlòmíràn ni ó ń ròyìn. Wọ́n bá Àǹtí Sìkírá jà lórí bí a ṣe ń di kókó aṣọ, lórí ẹni tó gbàgbé ìbọ̀wọ́ rọ́bà sínú oòrùn, lórí bí iyọ̀ ṣe yẹ kó pọ̀ tó nínú ọbẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹ. Wọ́n bá èmi náà jà, nítorí pé n kì í gba ohunkóhun láìbéèrè ìdí rẹ̀. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Wuse, bí mo bá sì ti ṣíwọ́, mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ti àwọn àgbà, láti parí ìwé tí n kò parí nígbà èwe. Ìyá àgbà a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Àkànní onírun funfun, tí olùkọ́ bá nà ọ́, ta ni kí a rán wá bẹ̀bẹ̀?" Àmọ́ ní ọjọ́ tí mo ní n kò ní lọ nítorí pé òjò ṣú, wọ́n gbé agboòrùn wọn lé mi lọ́wọ́, wọn kò sì rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n ní, "Òjò kì í pa ìwé tó bá ti wọ orí. Lọ."

Inú irú ìjà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ Ìyá àgbà àti Málàmù Dáúdà ti bẹ̀rẹ̀. Málàmù Dáúdà, ẹgbẹ́ mi ní ọjọ́ orí, ni ó ń gbin sàláàdì àti kábéèjì létí odò náà. Ó wọlé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìdì sàláàdì kan ní apá, ó kí wọn, "Sànnu, Hajiya," ó sì tẹ́ ìdì náà sílẹ̀ láìsọ ohun mìíràn. Etí àwọn ewé náà búlúù.

"Gọ́tà pọ̀ ní ìlú yìí," ni Àǹtí Sìkírá sọ kíá.

"Ó pọ̀ lóòótọ́," ni Málàmù Dáúdà dáhùn. "Èwo ló tún ń pa aró nínú wọn?"

Ìyá àgbà fi ìka méjì ra ewé náà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì ṣe ìlérí fún un pé àwọn yóò fọ omi àwọn mọ́ kí ó tó jáde. Wọ́n gbà pé àwọn mọ bí àwọn yóò ṣe ṣe é. Bí aṣọ kan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ aláró, ìyẹ̀fun funfun yẹn kan náà ni yóò fi bọ́ àwọ̀ rẹ̀. Wọ́n rò pé ohun tó lè bọ́ aṣọ lè bọ́ omi. Wọ́n da ìyẹ̀fun sínú omi aró tó kù nílẹ̀, wọ́n bò ó, nígbà tí wọ́n sì ṣí i, búlúù ti lọ. Omi náà mọ́, bí omi tí a kán tíì díẹ̀ sí. Àǹtí Sìkírá jó yí dúrọ́ọ̀mù ká. Wọ́n tú omi náà gba inú ihò, Ìyá àgbà sì ránṣẹ́ sí Málàmù Dáúdà pé kí ó fọkàn balẹ̀.

Kí a tó kírun Alásárì ni ó dé, ó ń sáré, ẹrẹ̀ oko dé orúnkún rẹ̀. "Kai, Hajiya! Ẹ ní ẹ ti fọ̀ ọ́! Ẹ wá wo oko mi!"

Gbogbo ipadò tí ó là sí àárín ewébẹ̀ rẹ̀ ti di búlúù, ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yé mi dáadáa nísinsìnyí, ó sì yé Ìyá àgbà lójú ẹsẹ̀ náà. Ìyẹ̀fun yẹn kò mú aró kúrò nínú omi. Ó fi í pa mọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń fi í pa mọ́ nínú ìkòkò, atẹ́gùn inú gọ́tà sì parí iṣẹ́ náà lójú ọ̀nà. Ìyá àgbà, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ atẹ́gùn yìí kọ́ gbogbo ènìyàn, ni wọ́n gbàgbé rẹ̀. Aṣọ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n fún. Kò sí ẹni tó rò ó rí pé omi tí a dànù náà ń mí.

Àwọn obìnrin ní àwáwí tó lè dúró níwájú ẹnikẹ́ni. "Omi tó jáde níbí, funfun ni," ni wọ́n ń sọ. "Gbogbo wa la rí i. Kí ó wá ẹni tó da búlúù lọ." Òtítọ́ sì ni ojú wọn rí. Bí Ìyá àgbà bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀.

Wọn kò dákẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ fi Haúsá ọjà sọ ọ́ fún Málàmù Dáúdà, wọ́n sì tún un sọ ní Yorùbá kí àwọn obìnrin lè gbọ́: "Ọ̀dọ̀ mi ló ti wá. Ó fara pa mọ́ gba iwájú mi kọjá ni." Wọ́n tẹ̀ lé e dé oko. Wọ́n rìn láàárín ewébẹ̀ náà láti òpin dé òpin. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n ní kí n gbé sìmẹ́ńtì tó kù nínú ilé ìdáná jáde, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí dí ihò náà. Iléyá ọdún náà ń bọ̀ lọ́nà, gẹ́gẹ́ bó ti ń bọ̀ yìí, aṣọ oníbàárà sì kún ilé.

"Àlàájà!" Àǹtí Sìkírá ká ọwọ́ lérí. "Ọ̀fun wa lẹ dí yẹn o!"

Ìyá àgbà kò wẹ̀yìn. Wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ sìmẹ́ńtì náà wọlé. "Ẹni tí yóò jẹ ewébẹ̀ yẹn," ni wọ́n wí, "òun náà ní ọ̀fun."

Àwọn ènìyàn tó gbọ́ ìtàn yìí ní ibi ìsìnkú ń rò pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ parí sí. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Omi tí kò ní ọ̀nà àbájáde gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò dúró sí. A ra táńkì àlòkù ńlá kan ní Idu, a sì gé orí rẹ̀ kúrò. Ìyá àgbà mú ọ̀pá gígùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí rú omi náà ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀, kí gbogbo aró tó fara pa mọ́ lè jáde síta. Ó jáde. Apá kan rì sí ìsàlẹ̀, apá kan kọ̀, kò rì. Wọ́n da álọ́ọ̀mù sí i, gẹ́gẹ́ bí a ti ń da á sí omi kànga kí ó lè tòrò, ṣùgbọ́n kò ràn án. Mo béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́. Olùkọ́ náà ní kọ́sítììkì ni kò jẹ́ kí álọ́ọ̀mù ṣiṣẹ́, kí a wá ohun kíkan fi rọ agbára rẹ̀. Ó fún mi ní bébà pẹlẹbẹ tí wọ́n ti rẹ sínú aró kan, tí ń pa àwọ̀ dà, tí a fi ń mọ̀ bóyá omi kan tàbí kò kan.

Ìyá àgbà yí bébà náà síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. "Bébà tí wọ́n pa láró ni ìwọ fẹ́ fi dá ẹjọ́ aró? Ẹbí ló ń dá ẹjọ́ ẹbí yẹn, Àkànní."

Àmọ́ ohun kíkan náà, Ìyá àgbà fúnra wọn ni wọ́n ronú kàn án. Àwọn ológì àdúgbò máa ń da omi kíkan orí ògì nù. Ìyá àgbà bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa fi í pa mọ́ fún àwọn. Àgbàlá wa gba òórùn mìíràn, Àǹtí Sìkírá sì ń béèrè lójoojúmọ́ bóyá kàm̀pálà ni a ń ṣe tàbí ẹ̀kọ. Bébà náà ń fi hàn wá nígbà tí kíkan náà bá tó. Álọ́ọ̀mù kó ìyókù aró jọ bí wàrà tó dì, ó sì rì. A sẹ́ omi tó wà lókè gba inú yanrìn àti èédú tí a gún. Ó mọ́ débi pé mo rí ìsàlẹ̀ ike tí a gbé e sí.

Mo rò pé wọn yóò tú u sílẹ̀. Wọ́n gbìn tẹ̀tẹ̀ sí ìdí ògiri, wọ́n sì fi omi náà rin ín. Etí tẹ̀tẹ̀ náà jó díẹ̀díẹ̀, ó sì gbẹ, nítorí iyọ̀ tí kọ́sítììkì fi sílẹ̀ nínú omi náà kò lọ pẹ̀lú aró. Wọ́n pè mí wá wò ó. "Ojú ti gbà pé ó mọ́," ni wọ́n wí. "Ewé kò gbà." Láti ìgbà náà ni a ti ń fi omi náà ṣan aṣọ nígbà àkọ́kọ́, tí ó sì ń padà sínú táńkì.

Àwọ̀ pupa kan wà tí kò gbọ́ ti álọ́ọ̀mù tàbí ti èédú. Ó dúró nínú omi bí ẹni tó ti san owó ilé. Àwọn oníbàárà sì fẹ́ràn pupa náà gan-an. Ìyá àgbà kó gbogbo èyí tó kù nínú rẹ̀ sínú àpò, wọ́n so ó, wọn kò sì lò ó mọ́. Obìnrin kan nínú àwọn aláró wa bínú kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọn kò pè é padà. "Àwọ̀ tí n kò bá lè gbà padà," ni wọ́n sọ fún un bó ti ń lọ, "n kò ní fi lé omi lọ́wọ́."

N kò fẹ́ kí ẹni tó bá ka èyí rò pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ṣe tán. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aró tí a sá gbẹ wà nínú àpò nínú yàrá ẹrù títí di òní, nítorí pé wọn kò gbà kí a dà á sí ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, n kò sì tíì rí ibi tó yẹ fún un. Wọ́n tún ní àléébù kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ní ọ̀sẹ̀ yìí, bí mo ti ń ro gbogbo ọ̀rọ̀ wọn pọ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ọ̀pá náà. Bí Àǹtí Sìkírá bá dìde láti ràn wọ́n lọ́wọ́, wọn a ní, "Lọ di kókó aṣọ rẹ." Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, àwọn nìkan, títí àìsàn fi gbé wọn dùbúlẹ̀. Èyí ni ó jẹ́ kí ìbéèrè àwọn obìnrin náà yé mi. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra Málàmù Dáúdà. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé. Àgbàlá kan ni a fi lé wọn lọ́wọ́ tí ẹni kan ṣoṣo ń gbé ìwúwo rẹ̀, ẹni náà kò sì sí mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ Sátidé pé, mo bá wọn ní ẹ̀yìn ilé. Òòlù àti irin ìfọ́ògiri ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Àǹtí Sìkírá. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi dáadáa, àmọ́ díẹ̀ ni mo rántí nínú rẹ̀.

"N kò lè fi agbára òkú de alààyè," ni mo wí. "Bí ẹ bá fẹ́ fọ́ ọ, n kò ní di ọwọ́ yín mú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í sílẹ̀, èmi ni n ó máa rú omi ní òwúrọ̀ kí n tó lọ sí Wuse. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ni n ó bẹ̀ yín fún, nítorí ilé ẹ̀kọ́."

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. "Pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì?"

"N ó bọ́ ọ."

"Ẹ̀yin ẹ gbọ́, ó ní òun ó bọ́ ọ!"

Àǹtí Sìkírá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú òòlù náà, wọ́n sì lọ sí ìdí ògiri. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ sìmẹ́ńtì náà, wọ́n sì fi ìka tẹ etí rẹ̀. Ìka náà tutù nígbà tí wọ́n gbé e sókè, àwọ̀ búlúù díẹ̀ sì wà ní orí rẹ̀. Sìmẹ́ńtì ti là ní ẹ̀gbẹ́ kan láàárín ìgbà tí kò sí ẹni tó ń mójú tó o, omi aró sì ti ń yọ́ gba ibẹ̀ jáde.

A dúró, a ń retí òòlù.

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?" ni wọ́n ké láìdìde. "Ẹ bu sìmẹ́ńtì wá, ẹ má jẹ́ kó pọ̀ lómi. Àkànní, kí lò ń wò? Bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ. A kò tíì rú omi táńkì lónìí."